Iná Iwájú Nìkan Kò Tó fún Oníkẹ̀kẹ́ Ìgboro

Ní ilé kan ní Sábọ̀n Gàrí, nílùú Kánò, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé bàbá ti fẹ́ máa lọ. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáràdá: aago méje alẹ́ ló ń wọlé, aago méje àárọ̀ ló ń jáde. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ, òun náà ló sì ń gùn bọ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Adaidaita Sahu kún ìgboro Kánò bí eéṣú, ṣùgbọ́n owó tí ì bá fi máa wọ̀ wọ́n lójoojúmọ́ ti ní ibi tó ń lọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí eruku ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yìí fi ẹ̀gbẹ́ gbá a láti ẹ̀yìn. Ó ṣubú sẹ́bàá títì. Ọpẹ́ ni pé ìgbọ̀nwọ́ òsì tó bó àti ríìmù ẹ̀yìn tó tẹ̀ ni gbogbo ohun tó bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Awakọ̀ náà kò sá lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e dìde, ó sì ń búra lédè Hausa pé òun kò rí i rárá. Inú bí ọkùnrin náà gidigidi. Báwo ni ẹnì kan yóò ṣe ní òun kò rí òun? Kò tíì pé oṣù kan tó ra tọ́ọ̀ṣì tó wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó tàn jù nínú ìsọ̀ ni. Ó ń tànmọ́lẹ̀ dé ìpẹ̀kun àdúgbò.

Ìyàwó rẹ̀ ló bi í léèrè nígbà tó délé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń fi omi gbígbóná nu apá náà fún un.

"Dádì, iwájú ni tọ́ọ̀ṣì yẹn wà. Ṣé iwájú ni oníkẹ̀kẹ́ yẹn ti wá bá yín ni?"

Ọkùnrin náà kò rí èsì fọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni gíláàsì pupa kékeré kan, rìfílẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń pè é, tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ra kẹ̀kẹ́ náà ní tòkúnbọ̀. Ẹrẹ̀ ti bò ó débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè obìnrin yìí ni ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kì í bi ara wọn tí wọ́n bá fẹ́ ra iná. Ojú tiwọn ni wọ́n fi ń rajà: iná tí àwọn yóò fi ríran ni wọ́n ń wá. Lójú ọ̀nà oko, wọn kò jẹ̀bi, nítorí kòtò àti gbòǹgbò igi ni ọ̀tá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígboro, iná ìsọ̀ wà lọ́tùn-ún, iná ọkọ̀ wà lósì, oníkẹ̀kẹ́ ń ríran dé àyè kan. Kí àwọn ẹlòmíràn rí òun ni iṣẹ́ tó kù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, iná kan ṣoṣo kì í sì í sábà ṣe é pọ̀.

Àkókò tí ọ̀rọ̀ náà le jù kì í ṣe ọ̀gànjọ́. Ní Kánò, nǹkan bí aago mẹ́fà sí aago méje ni oòrùn ń wọ̀ jálẹ̀ ọdún, ilẹ̀ kì í sì í fi falẹ̀ ṣú. Kí ìdajì wákàtí tó pé lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, òkùnkùn ti délẹ̀. Láàárín ìdajì wákàtí yẹn gan-an ni ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, tí òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń sáré relé, tí òṣìṣẹ́ alẹ́ ń sáré lọ síbi iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì tíì rántí tan iná ọkọ̀ wọn.

Ẹ wo ìṣirò kékeré kan. Ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó mọ ohun tó jẹ́, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ lè ti lọ. Ọkọ̀ náà ti rin mítà 21 nìyẹn, bíréèkì kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ tó wọ aṣọ dúdú tí kò ní iná lẹ́yìn kì í hàn dáadáa títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀. Iná pupa kékeré tí bátìrì méjì péré ń gbé máa ń hàn láti ọgọ́rùn-ún mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tó wà láàárín méjèèjì ni awakọ̀ yóò fi rọra yà fún un.

Òfin pàápàá kò fi èyí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Àdéhùn àgbáyé lórí ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1968, èyí tí Nàìjíríà náà ti wọ̀, béèrè iná funfun tàbí iná aláwọ̀ ìyeyè níwájú kẹ̀kẹ́, iná pupa lẹ́yìn, àti rìfílẹ́kítọ̀ pupa lẹ́yìn pẹ̀lú. Ó tún béèrè bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ àti agogo. Ìwọ̀nba kẹ̀kẹ́ tó ní gbogbo rẹ̀ lára nígboro kò ṣòro láti kà.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, tọkọtaya náà gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Mallam kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà. Ríìmù tuntun ti jẹ púpọ̀ nínú owó ọwọ́ wọn. Síbẹ̀, ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ nawọ́ sí ni tọ́ọ̀ṣì iwájú mìíràn, tó tóbi ju tàtijọ́ lọ. Wọ́n kọ 10,000 lumen sí ara páálí rẹ̀, wọ́n sì kọ 9,900 mAh sí ara bátìrì rẹ̀. Mallam rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ẹ dá a padà síbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ní níwájú ti tó. Ẹ̀yìn yín ló ṣókùnkùn."

Mallam kò parọ́, páálí ló parọ́. Bátìrì tó rí bí ìka tó sanra, èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, ló wà nínú ọ̀pọ̀ irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, èyí tó dára nínú wọn kì í sì í gbà ju nǹkan bíi 3,500 mAh lọ. Ẹni tó bá rí 9,900 lára ẹyọ kan ṣoṣo, kó yáa fura sí gbogbo nǹkan tó kù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lumen ni ìwọ̀n bí iná ṣe pọ̀ tó, oníkẹ̀kẹ́ tó sì ń rin títì ìgboro kò nílò ju 100 sí 200 lọ níwájú. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún gbé ojú rẹ̀ sókè, ojú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì ló ń fọ́. Ibi tó yẹ kí àárín ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí ni ilẹ̀, ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síwájú. Lásìkò ọyẹ́, kí ó tiẹ̀ tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i, torí eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń dá ìmọ́lẹ̀ funfun padà sójú ẹni tó ni ín.

Tẹ̀yìn kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, lumen 20 sí 50 ti pọ̀ tó. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni àwọ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n so ó mọ́, àti ibi tó kọjú sí.

Àwọ̀ kọ́kọ́. Lójú títì, àwọ̀ iná ló ń sọ fún awakọ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Funfun ń sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá pàdé rẹ. Pupa ń sọ pé ẹnì kan wà níwájú rẹ, ọ̀nà kan náà lẹ jọ ń lọ. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tó ń yí láti búlúù sí àwọ̀ ewé sí pupa kún ọjà, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn wọn gan-an. Wọ́n dùn ún wò lọ́jọ́ ọdún. Lójú awakọ̀ tó ń sáré, kò sí ohun tí wọ́n ń sọ tó yé e. Èyí tó burú jù ni tọ́ọ̀ṣì funfun tí àwọn kan ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ torí pé wọn kò rí pupa rà: irọ́ gbáà ló ń pa fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí wọn yóò so ó mọ́. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kíyè sí i nínú ìsọ̀ Mallam. Ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń so iná ẹ̀yìn mọ́ ni irin tó gbé ìjókòó dúró. Ṣùgbọ́n jalabíà tí ọkọ rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ gùn, ó máa ń rọ̀ sẹ́yìn ìjókòó bí aṣọ ojú fèrèsé. Àpò oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ náà tún wà lórí kẹ́ríà. Iná tó bá wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ẹni tó ni ín nìkan ló mọ̀ pé ó ń tàn. Mallam wá mú irin pẹlẹbẹ kan, ó lu ihò sí i, ó sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ìdí kẹ́ríà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí aṣọ àti ẹrù kò lè dé. Ó fi iná náà sí apá òsì díẹ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà apá òsì oníkẹ̀kẹ́ ni ọkọ̀ ti ń kọjá. Apá tó bó lára ọkùnrin yìí náà nìyẹn.

Gíláàsì kékeré tó wà lójú àwọn iná òde òní máa ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ojú iná bá yí wálẹ̀ díẹ̀ báyìí, táyà ló ń tànmọ́lẹ̀ sí. Bó bá yí sókè, àwọn ẹyẹ ló ń rí i. Ó gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn gbọnrangandan, ní ìbámu pẹ̀lú ilẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń so àwọn kan máa ń dẹ̀ bí oòrùn bá ti pa á fún oṣù mélòó kan, iná náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀tì dára jù níbẹ̀, àfi pé iná tó bá ṣe é yọ ní kíá wúlò fún ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níwájú ọjà tàbí mọ́ṣáláṣí, torí àwọn olè.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í sábà rò. Bí iná iwájú bá kú, lójú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀. Bí tẹ̀yìn bá kú, kò lè mọ̀. Ó lè fi kìlómítà mẹ́ta rìn nínú òkùnkùn, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé gbogbo ayé ń rí òun. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí owó bá wà fún iná kan péré sí i, iná ẹ̀yìn kejì ló yẹ kó jẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò gbé e délé.

Méjì yìí tún yanjú àríyànjiyàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìyẹn bóyá kí iná máa ṣẹ́jú tàbí kó dúró. Èyí tó ń ṣẹ́jú tètè ń fa ojú, ó sì ń tọ́jú bátìrì. Àmọ́ ó ṣòro fún awakọ̀ láti fi í díwọ̀n bí ó ti jìnnà sí òun tó. Àwọn ìjọba pàápàá kò fẹnu kò. Jámánì kò gba iná tó ń ṣẹ́jú láàyè lára kẹ̀kẹ́. Bìrìtìkó gbà á láti 2005, bí kò bá ti dín ní ìgbà 60 tàbí kó ju ìgbà 240 lọ nínú ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ní méjì lẹ́yìn, kó jẹ́ kí ọ̀kan dúró, kí èkejì máa ṣẹ́jú. Tí iye wákàtí tí bátìrì yóò lò bá wà lára páálí, kó wò ó dáadáa: èyí tó gùn jù níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ìṣẹ́jú, kì í ṣe ti kó máa tàn láìdúró.

Lórí bátìrì, oríṣiríṣi ilé ló ní oríṣiríṣi ìdáhùn. Iná tí wọ́n ń ṣáàjì bíi fóònù dín ìnáwó kù, ọkùnrin yìí sì lè ṣáàjì tirẹ̀ níbi iṣẹ́, níbi tí jẹnẹrétọ̀ kì í ti í kú. Níbi tí iná ìjọba bá ti ń ṣe ségesège, èyí tó ń lo bátìrì tí wọ́n ń tà ní gbogbo igun ọ̀nà ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Wọ́n mú ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Fún òjò, àmì IPX ni kí wọ́n wá lára páálí. IPX4 ń sọ pé omi tó ń ta sí i láti ibikíbi kò ní pa á lára. IPX7 ń sọ pé ó lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí àkọ́kọ́ ti tó fún ẹni tí kò gbèrò láti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ odò.

Àwọn àgbà kan yóò béèrè pé dáínámò ńkọ́, irú èyí tó máa ń wà lára kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́, tó ń fi orí rẹ̀ ra táyà tó sì ń fún gílóòbù níná. Kò béèrè bátìrì, ìyẹn ni iyì rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí táyà bá ti dúró, iná ti kú. Oríta sì ni kẹ̀kẹ́ ti ń dúró, níbi tí ọkọ̀ ti ń yọ láti ọ̀nà mẹ́rin.

Oríta yìí tún mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ wá. Ọkọ̀ tó ń jáde láti àdúgbò kò rí iwájú oníkẹ̀kẹ́, kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló rí. Nítorí náà, iná tí wọ́n dá ojú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde, wúlò ju èyí tí irin bo gbogbo ara rẹ̀ lọ. Rìfílẹ́kítọ̀ tí wọ́n ń há sáàárín súpóòkù náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rìfílẹ́kítọ̀ rọ́pò iná. Iná ọkọ̀ ló ń dá padà fún ẹni tó ni ín. Kò ní tirẹ̀. Bí Adaidaita Sahu bá ń bọ̀ láìtan iná, tàbí tó jẹ́ ojú kan péré ló ń tàn lára rẹ̀, kò sí ohun tí rìfílẹ́kítọ̀ yóò dá padà. Níbi tí iná ọkọ̀ bá wà ni agbára rẹ̀ wà, agbára náà sì pọ̀. Àwọn olùwádìí ní Queensland University of Technology ní Ọsirélíà ní kí àwọn awakọ̀ wa ọkọ̀ lálẹ́ lójú ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ wà. Nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ wọ aṣọ dúdú, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n dá mọ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ títàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì máa ń wọ̀ gbé e dé 15, torí pé oòrùn ni àwọ̀ yẹn fi ń tàn, kò sì sí oòrùn lálẹ́. Ẹ̀wù tó ní téèpù adánápadà gbé e dé 50. Nígbà tí wọ́n fi téèpù náà kún orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, ó di 90. Ẹsẹ̀ tó ń lọ sókè sódò ni awakọ̀ fi mọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun. Nítorí náà ni ìyàwó ṣe ra ìwọ̀n mítà kan nínú téèpù pupa àti funfun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tírélà. Ó gé e, ó rán an mọ́ ìgbànú kékeré méjì fún ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lọ sára mọ́dígáàdì.

Ẹni tó bá rò pé iná kò wúlò lọ́sàn-án, ìròyìn kan ti Denmark wá. Ní ìlú Odense, wọ́n fi iná tí kì í kú, tọ̀sán-tòru, sára kẹ̀kẹ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ní irú rẹ̀; ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 ènìyàn tó kópa. Láàárín ọdún kan, ìjàǹbá tó mú ìpalára wá fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó ní iná náà.

Ohun tó kù ni pé kí wọ́n dán an wò, ìyẹn kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan náà, ọkùnrin náà wọ jalabíà rẹ̀, ó gbé àpò oúnjẹ sórí kẹ́ríà bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí òpin àdúgbò. Ìyàwó àti ọmọbìnrin wọn àgbà dúró ní ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀ kí ojú wọn lè wà níbi tí ojú awakọ̀ máa ń wà.

"Ẹ̀yin Dádì," ọmọ náà pariwo, "ọ̀kan ni mò ń rí o!"

Iná kejì ń tàn, àmọ́ etí àpò oúnjẹ ti rọ̀ bò ó. Wọ́n fi okùn dì í sókè. Ó tún lọ, ó tún bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìyàwó sì ní kó gbé tọ́ọ̀ṣì iwájú wálẹ̀ díẹ̀ torí ó ń ta òun lójú. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó gbà pé ó ti tó.

Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yẹn ló ń yẹ iná wò ní aago mẹ́fà kí bàbá tó jáde. Ó máa ń fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rìfílẹ́kítọ̀, á tẹ iná méjèèjì, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí pupa méjì náà, èyí tó dúró àti èyí tó ń ṣẹ́jú, yóò fi yà sí títì ńlá.